Owó Ẹsẹ̀ Yàtọ̀ sí Owó Òǹtẹ̀

Iṣẹ́ tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí kò wọ́pọ̀ nílé, ṣùgbọ́n ó ti di iṣẹ́ àfikún fún àwọn ọmọ wa kan ní Amẹ́ríkà, ní àwọn ìlú bíi Houston tí àwọn Yorùbá pọ̀ sí. Iṣẹ́ náà ni ti nọ́tárì tó ń gbé òǹtẹ̀ rẹ̀ lọ bá oníbàárà níbi tí oníbàárà wà, yálà nílé, nílé ìwòsàn, nílé ìtọ́jú àwọn àgbà tàbí ní ilé ìkàwé àdúgbò. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ lé lórí nínú rẹ̀: owó tí oníbàárà ń kà sí nọ́tárì lọ́wọ́, èyí tí àwọn èwe ń pè ní kéèṣì. Ibẹ̀ ni orúkọ rere ti lè bàjẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jalè.

Kí a tó wọ inú ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí a mọ ẹni tí nọ́tárì jẹ́ lọ́hùn-ún. Ní Nàìjíríà, agbẹjọ́rò ni nọ́tárì í ṣe, Adájọ́ Àgbà orílẹ̀-èdè ni ó sì ń yàn án. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Olùkọ́, nọ́ọ̀sì, awakọ̀, ìyá tó ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni tó bá ti kún ojú òṣùwọ̀n tí ìpínlẹ̀ rẹ̀ là sílẹ̀ lè gba ìwé àṣẹ. Ní Texas, ọdún 4 ni ìwé àṣẹ náà ń lò, ẹni tó fẹ́ gbà á sì gbọ́dọ̀ ní ìwé onídùúró tó jẹ́ dọ́là 10,000. Kì í ṣe nọ́tárì ni ìwé onídùúró náà ń dáàbò bò, bí kò ṣe àwọn ará ìlú tí àṣìṣe rẹ̀ lè pa lára. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó rí olùfọwọ́sí lójúkojú, kí ó mọ̀ dájú pé òun gan-an ni, kí ó rí i pé tinútinú ni ó fi fọwọ́ sí ìwé, kí ó sì fi òǹtẹ̀ rẹ̀ jẹ́rìí. Bí kì í bá ṣe agbẹjọ́rò, kò gbọ́dọ̀ gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn lórí òfin. Àwọn àgbà wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé lè ṣi èyí mú. Wọ́n á rò pé lọ́yà ni, wọ́n á sì fẹ́ fi owó lé owó kí ó lè bá wọn wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Láti ibẹ̀ ni ìṣòro owó ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn wo ni ó ń san owó lọ́wọ́? Ìyá àgbà tí kò fẹ́ràn kí a máa tẹ nọ́ńbà káàdì rẹ̀ kiri wà nínú wọn. Awakọ̀ tàbí onídìrí tó ń gba owó lọ́wọ́ níbi iṣẹ́ tirẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ọmọ tó ti ilé ìwòsàn pè láàárín òru nítorí bàbá rẹ̀ fẹ́ fọwọ́ sí ìwé àṣẹ aṣojú kí wọ́n tó gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí ẹ̀gàn nínú ọ̀kankan. Owó lọ́wọ́ ní àǹfààní tirẹ̀: kì í padà láti báǹkì bíi sọ̀wédowó tí kò ní owó lẹ́yìn. Ẹ̀bi rẹ̀ kan ni pé kì í fi ojú ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó san án kò ní ẹ̀rí pé òun san án, ẹni tó gbà á kò sì ní ẹ̀rí iye tí òun gbà. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dé, ẹnu méjì ni yóò kù, ẹnu méjì kì í sì í sọ ohun kan náà.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí fi sọ́kàn nìyí: owó ẹsẹ̀ yàtọ̀ sí owó òǹtẹ̀. Kí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ lẹ́nu, kí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ lọ́wọ́, kí ó sì yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú ìwé. Bí ó bá ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, owó lọ́wọ́ kò ní dójú tì í.

Owó òǹtẹ̀ ni owó tí òfin fi òdiwọ̀n sí. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń dá tirẹ̀ sí. Ní Texas, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, dọ́là 10 ni ó pọ̀ jù tí nọ́tárì lè gbà fún ìfọwọ́sí àkọ́kọ́ lórí ìwé tí ẹnìkan fẹ́ jẹ́wọ́ pé òun fọwọ́ sí, àti dọ́là 1 fún ìfọwọ́sí kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀lé e. Ní California, dọ́là 15 ni fún ìfọwọ́sí kan. Ní Florida, dọ́là 10 ni; ní New York, dọ́là 2 péré ni fún èyí tí a ṣe lójúkojú. Ẹni tó bá gba ju èyí lọ fún òǹtẹ̀ ti rú òfin, ó sì lè pàdánù ìwé àṣẹ rẹ̀.

Owó ẹsẹ̀ ni owó ọkọ̀, epo àti àkókò. Òun ni nọ́tárì fi ń jẹun ní tòótọ́, nítorí kò sí ẹni tí yóò wa ọkọ̀ fún wákàtí kan nítorí dọ́là 10. Àwọn ìpínlẹ̀ kan fi òdiwọ̀n sí òun náà, àwọn mìíràn sì fi í sílẹ̀ fún àdéhùn láàárín nọ́tárì àti oníbàárà. Kí ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí ka òfin ìpínlẹ̀ tirẹ̀, kí ó má ṣe gbára lé ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn ń ṣe. Bí ó bá wá pa owó méjèèjì pọ̀, tí ó ní, "Dọ́là 50 ni mo ń gbà," ó ti fún oníbàárà ní àyè láti sọ lọ́la pé dọ́là 50 ni ó gbà fún òǹtẹ̀ kan. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí, ṣùgbọ́n kí ni yóò fi hàn?

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Orí fóònù ni kí àdéhùn ti parí, kí ọkọ̀ tó ṣí kúrò nílé. Ẹ wo irú ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wáyé láàárín nọ́tárì kan àti bàbá àgbàlagbà kan tó fẹ́ kí òun àti ìyàwó òun fọwọ́ sí ìwé kan náà:

"Arábìnrin, ẹ káàsán o. Wọ́n ní ẹ máa ń wá lu òǹtẹ̀ fún èèyàn nílé."

"Ẹ káàsán, sà. Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ̀yin mélòó ni yóò fọwọ́ sí i? Ṣé káàdì ìdánimọ̀ yín tàbí páàsípọ́ọ̀tù yín ṣì ń ṣiṣẹ́, tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá?"

"Èmi àti ìyàwó mi ni. Ó wà lọ́wọ́ wa. Èló ni gbogbo rẹ̀?"

"Owó òǹtẹ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí fún ẹ̀yin méjèèjì jẹ́ dọ́là 11. Owó ẹsẹ̀ mi láti ibí dé ọ̀dọ̀ yín, àlọ àti àbọ̀, jẹ́ dọ́là 40. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 51. Bí mo bá dé, sà, owó ẹsẹ̀ ni ẹ óò kọ́kọ́ fún mi. Bí ohunkóhun bá wá ṣẹlẹ̀ tí òfin kò jẹ́ kí n lu òǹtẹ̀, n kò ní gba owó òǹtẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní dá owó ẹsẹ̀ padà."

"Háà! Ẹ bá wa dín in kù, Yorùbá ni gbogbo wa."

"Mo gbọ́, bàbá. Màá dín dọ́là 5 kù nínú owó ẹsẹ̀. Ó di 46. Màá fi iye náà ránṣẹ́ sí orí fóònù yín báyìí, kí ẹ bá mi dáhùn pé ẹ ti rí i."

Ẹ kíyè sí i pé ó dùn ún gbọ́, kò sì ní ìjà nínú. Bàbá ná ọjà gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, nọ́tárì sì bọ̀wọ̀ fún un. Òfin sọ iye tí a kò gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Kò ní kí a má gbà á dín. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n dín in kù dé ti wà nínú àkọsílẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀ di ẹnu ọ̀nà oníbàárà yóò ná ọjà ní ìdúró, àárẹ̀ yóò sì ti mú un.

Kí ló dé tí a fi ní kí owó ẹsẹ̀ kọ́kọ́ wọlé? Kì í ṣe torí àìfọkàntán nìkan. Ìdí tó jinlẹ̀ jù ni pé nọ́tárì kò gbọ́dọ̀ ní èrè kankan nínú bí ọ̀rọ̀ ìwé náà ṣe já sí. Bí ó bá gbà pé òun kò ní rí kọ́bọ̀ àfi tí òǹtẹ̀ bá balẹ̀, ó ti sọ ara rẹ̀ di ẹni tó ń wá bí òǹtẹ̀ yóò ṣe balẹ̀. Ẹ fojú inú wo yàrá ilé ìwòsàn kan. Aláìsàn dùbúlẹ̀, wọ́n ti fún un ní oògùn ìrora, kò mọ ọjọ́ tí òní jẹ́, kò sì lè sọ ohun tó wà nínú ìwé tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ dúró yí i ká, owó ti wà lórí tábìlì. "Ẹ ṣáà lù ú fún wa, mà. Ó gbọ́ ohun tí a ń sọ." Nọ́tárì tó ti gba owó ẹsẹ̀ lè fi pẹ̀lẹ́tù sọ pé, "Ẹ má bínú, bàbá kò lè dáhùn ìbéèrè mi. N kò lè lù ú lónìí. Bí ara wọn bá yá, ẹ pè mí." Èyí tí kò tíì gbà á yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ro epo tó jó wá àti epo tí yóò jó padà. Ojú tó yẹ kó fi wo aláìsàn yóò wà lára owó.

Bí ìwé bá jẹ́ ti ẹni tó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n, ìta ni kí mọ̀lẹ́bí ti san owó, kí nọ́tárì tó wọlé, nítorí ẹlẹ́wọ̀n kò ní owó lọ́wọ́ tí yóò kà. Bí nọ́tárì kò bá sì mọ oníbàárà rí, kí ó dábàá ibi tí èrò wà, bí ilé ìkàwé tàbí gbọ̀ngàn báǹkì. Kí ẹnìkan nílé mọ àdírẹ́sì tí ó ń lọ àti àkókò tó yẹ kó padà. Kí ó má ṣe ka owó nínú ọgbà ìgbọ́kọ̀sí. Kí ó mú ṣéńjì dání: dọ́là 1, dọ́là 5, dọ́là 10. Bí oníbàárà bá gbé 60 kalẹ̀ fún 51, tí nọ́tárì kò sì ní 9 tí yóò dá padà, ó ti gba ohun tí kò sí nínú àdéhùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oníbàárà ní kí ó fi í ṣe é.

Ọ̀rọ̀ "ẹ fi í ṣe é" yìí gba àlàyé. Àwa Yorùbá kì í fẹ́ kí ẹni tó wá sílé wa padà lọ́wọ́ òfo. A óò ní, "Ẹ fi ra omi mu." Inú rere ni, ṣùgbọ́n bí ẹnu bá jẹ, ojú a tì. Ẹni tó gba owó omi mímu ṣáájú òǹtẹ̀ kò ní lè béèrè ìdí tí orúkọ inú káàdì fi yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú ìwé. Bí ó sì jẹ́ lẹ́yìn òǹtẹ̀ ni ó gbà á, iye tó wọlé ti ju iye tó wà nínú ìwé owó lọ. Kí ó dúpẹ́, kí ó sọ pé òfin iṣẹ́ òun kò gbà á, kí ó sì gba ife omi tútù dípò rẹ̀. Omi tútù kò ní àkọsílẹ̀.

Èyí tó burú ju owó omi lọ ni owó tí wọ́n fẹ́ fi ra òǹtẹ̀. Ọmọ kan lè sọ pé, "Ìyá mi wà ní Ìbàdàn. Àwọn ló ní kí n bá wọn fọwọ́ sí i. Dọ́là 200 rèé." Òmíràn lè fẹ́ kí nọ́tárì kọ ọjọ́ oṣù tó kọjá sórí ìwé kí ó lè bá àsìkò mu. Owó lọ́wọ́ ni wọ́n máa ń fi sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí kò sí ẹni tí yóò fi í ránṣẹ́ láti báǹkì. Ìdáhùn kan ṣoṣo ni ó wà: ẹni tí kò bá fi ara rẹ̀ hàn níwájú nọ́tárì kò lè rí òǹtẹ̀ gbà, ọjọ́ tí a ṣe é gan-an ni a sì ń kọ. Kì í ṣe dọ́là 200 ni a gbé kalẹ̀ níbẹ̀. Ilé tí ẹnìkan yóò tà láìjẹ́ pé onílé mọ̀ ni, tàbí ọmọ tí wọ́n yóò gbé kọjá òkun láìjẹ́ pé ìyá rẹ̀ fọwọ́ sí i. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, orúkọ tó wà lábẹ́ òǹtẹ̀ ni wọn yóò sì kọ́kọ́ pè.

Ayédèrú owó náà wà. Bébà dọ́là 100 tí wọ́n ti ń ná láti ọdún 2013 ní ìlà aró kan tí wọ́n hun mọ́ ara rẹ̀. Bí a bá yí bébà náà síwá sẹ́yìn, àwọn àwòrán agogo kéékèèké inú ìlà náà yóò máa yí padà di 100. Bí a bá gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, a óò rí ojú ẹnìkan tó fara pamọ́ sínú rẹ̀, kí ó sì bá èyí tí wọ́n yà sójú owó mu. Kí a má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé bírò tí wọ́n fi ń yẹ owó wò nìkan. Sítáàṣì inú bébà lásán ni bírò náà ń dá mọ̀. Àwọn oníṣẹ́ ibi sì máa ń fọ owó kékeré gidi, wọ́n á tẹ owó ńlá lé e lórí, bírò kò sì ní rí i. Bí owó kan bá mú ìfura dání, kí nọ́tárì rọra sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pààrọ̀ èyí," kí ó tó gbà á sápò. Bí ó bá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó sì wá hàn pé ayédèrú ni, ọlọ́pàá tàbí àwọn Secret Service ni kí ó kó o fún. Ẹni tó bá mọ̀ pé ayédèrú ni tó sì ná an fún ẹlòmíràn ti di ọ̀daràn fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí ìwé. Ta ni nínú wa tí kò mọ káàdì alájọ? Àwọn ìyá wa ń ka owó sí alájọ lọ́wọ́ lójoojúmọ́, láìsí báǹkì láàárín wọn. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n sùn ni pé alájọ ń fa ìlà sínú káàdì lójú wọn, káàdì sì ń bá wọn lọ sílé. Rìsíìtì nọ́tárì kò yàtọ̀. Ní Texas, òfin tilẹ̀ sọ pé owó yìí kò tíì di sísan fún nọ́tárì àfi tí ó bá ti gbé ìwé owó kalẹ̀, tàbí tí ó ti ṣe tán láti gbé e kalẹ̀, kí àlàyé owó náà wà nínú rẹ̀, kí ó sì fọwọ́ sí i. Òfin kan náà ní kí ó ní ìwé kan tí yóò máa kọ gbogbo owó tí ó ń gbà sí. Ní California, iye owó tí nọ́tárì gbà jẹ́ ara ohun tó gbọ́dọ̀ kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀.

Rìsíìtì náà kò nílò ọ̀ṣọ́. Ìwé rìsíìtì onílẹ́yìn méjì tí wọ́n ń tà ní ọjà tó, kí oníbàárà mú ọ̀kan, kí èkejì kù sínú ìwé. Kí ó ní ọjọ́, orúkọ ẹni tó san owó, irú iṣẹ́ tí a ṣe, kí ìlà kan sọ pé "owó òǹtẹ̀: dọ́là 11," kí èkejì sọ pé "owó ẹsẹ̀: dọ́là 35," kí ó sọ àpapọ̀, kí ó kọ "owó lọ́wọ́" sí i, kí nọ́tárì sì fọwọ́ sí i. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni ó ṣe é fún àgbà ìjọ rẹ̀, kí ó kọ òdo síbẹ̀. Bí òǹtẹ̀ kò bá ṣeé lù, kí ìlà owó òǹtẹ̀ jẹ́ òdo, kí ti owó ẹsẹ̀ sì dúró.

Ìyàsọ́tọ̀ yìí ń san èrè nígbà owó-orí pẹ̀lú. Àwọn kan gbà pé owó lọ́wọ́ kì í ṣe owó tí ìjọba ń béèrè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lójú IRS, àjọ tó ń gba owó-orí fún ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, owó tó wọlé ni owó tó wọlé, yálà ó gba inú báǹkì tàbí ó gba inú àpò ìwé. Ṣùgbọ́n òfin náà ní àánú kan tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ara wọn máa ń san owó-orí pàtàkì kan tó jẹ́ ìdá 15.3 nínú 100, bí èrè wọn lọ́dún bá ti tó dọ́là 400. Owó òǹtẹ̀ nọ́tárì bọ́ lọ́wọ́ owó-orí yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì wà lábẹ́ owó-orí tí a ń san lórí ohun tó wọlé fúnni. Owó ẹsẹ̀ ní tirẹ̀ kì í ṣe owó òǹtẹ̀, kò sì lè sá sábẹ́ àánú náà. Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ nínú ìwé rẹ̀ kò ní mọ èwo ni èwo ní ìparí ọdún.

Owó ẹsẹ̀ náà ní ìtura tirẹ̀. Ní ọdún 2025, IRS gbà kí ẹni tó fi ọkọ̀ rẹ̀ ṣiṣẹ́ yọ sẹ́ǹtì 70 kúrò nínú èrè rẹ̀ lórí máìlì kọ̀ọ̀kan tó rìn fún iṣẹ́. Bí ìrìn-àjò sí ọ̀dọ̀ bàbá yẹn bá jẹ́ máìlì 30 ní àlọ àti àbọ̀, dọ́là 21 nìyẹn. Nínú dọ́là 35 tó gbà, 14 péré ni yóò kù tí owó-orí yóò kàn. Ṣùgbọ́n àfi tí ó bá kọ ọjọ́, ibi tó lọ, ohun tó lọ ṣe àti iye máìlì sílẹ̀ ní àsìkò tí ó ṣe é. A kì í jókòó ní oṣù kẹrin ọdún kejì kí a máa fi orí ro máìlì ọdún tó kọjá.

Kí owó tó wọlé lọ sí àkáǹtì ọ̀tọ̀ ní báǹkì, kí ó má ṣe dà pọ̀ mọ́ owó ata. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn kan láti kó owó lọ́wọ́ lọ sí báǹkì, wọ́n á sì máa pín in ní díẹ̀díẹ̀. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́ ni báǹkì ń jábọ̀ fún ìjọba bí ẹnìkan bá kó owó lọ́wọ́ tó ju dọ́là 10,000 wá lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ìjábọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀sùn. Pípín owó kí báǹkì má baà jábọ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. Owó tí rìsíìtì wà fún kò ní ìdí láti fara pamọ́.

Ọ̀rọ̀ ilé ni ó kù. Ìyàwó tàbí ọkọ tó ń jáde lóru, tó ń padà dé pẹ̀lú owó nínú àpò, lè dá ìfura sílẹ̀ láàárín tọkọtaya láìmọ̀. "Èló ni o rí lónìí?" lè di ìbéèrè tó ń dunni. Ìwé owó kan náà tó ń gba nọ́tárì lọ́wọ́ ìjọba ni ó lè gbà á nílé. Kí ó wà níbi tí ẹnì kejì ti lè rí i. Orúkọ oníbàárà àti ohun inú ìwé rẹ̀ jẹ́ àṣírí tí kò yẹ kí ó tẹnu nọ́tárì jáde, ṣùgbọ́n iye tó wọlé kò yẹ kó jẹ́ àṣírí láàárín ẹni méjì tó jọ ń san owó ilé. Kí wọ́n jọ fi ẹnu kò lórí iye tí a óò yọ sílẹ̀ fún owó-orí lára gbogbo owó tó bá wọlé, kí wọ́n tó ka ìyókù sí èrè.

Iṣẹ́ yìí kì í sọni di olówó lóru ọjọ́ kan. Dọ́là 46 lónìí, 60 ní ọ̀tunla, òdo ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ohun tí nọ́tárì ní láti tà ni pé àwọn àjèjì tí kò rí i rí lè gba ohun tí òǹtẹ̀ rẹ̀ sọ gbọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin arábìnrin àti arákùnrin wa tó ń gbé òǹtẹ̀ kiri, ẹ fi ìwé rìsíìtì sínú àpò kan náà pẹ̀lú òǹtẹ̀ yín kí ẹ tó jáde ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí. Ẹ sọ owó méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ kọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀yin oníbàárà náà, bí nọ́tárì bá na rìsíìtì sí yín, ẹ má ṣe sọ pé "kò pọn dandan." Ẹ gbà á, ẹ ká a, ẹ fi í pamọ́ sí ibi tí ìwé náà wà.

Kí Elédùmarè bù sí ohun tí a fi òótọ́ ṣe.